Aṣọ Àyálò Ẹnu Géètì

Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá

Ọ̀gá ilé-ìwé ti fọwọ́ sí i. Ó ní òun ò rí ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún fẹ́ lọ wá ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, àmọ́ tí a bá ti máa ya fọ́tò, ká máa lọ. Mo dúpẹ́, mo sì jáde kó tó yí ọkàn padà. Àbúrò ọkọ mi, tí mò ń pè ní Akọ̀wé, ló bá mi gbàyè lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀. Òun ni ọ̀gá wẹ́fíà níbẹ̀, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn tó ń wá wò wọ́n. Ó dára kéèyàn ní ẹbí nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí kò bá ṣáà ti jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n.

Mo sọ fún kíláàsì pé Sífíìkì, ẹ̀kọ́ ojúṣe ọmọ ìlú tí mò ń kọ́ wọn, kò sí nínú ìwé ní táámù yìí. A ó lọ sẹ́nu géètì lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, a ó wo ohun tó ń ni àwọn èèyàn lára, a ó mú ẹyọ kan níbẹ̀, a ó fi ọwọ́ ara wa tún un ṣe, lẹ́yìn náà a ó dúró níwájú àwọn òbí lọ́jọ́ àṣekágbá ká sọ ohun tí a kọ́. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà nawọ́, bó ṣe máa ń ṣe. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí a bá rí la máa sọ, àbí ohun tí Ọ̀gá bá fẹ́ gbọ́. Mo ní ohun tí a bá rí ni. Gbogbo wọn pariwo ayọ̀. Òjò ń jò sórí tábìlì mi, mo sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Oòrùn pa wá lónìí. Mo ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe nǹkan kan, kí wọ́n kàn máa wò, nítorí náà a tò bí gbogbo èèyàn ṣe tò. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níṣojú wọ́dà. Ìyá kan jẹ ìrẹsì ọmọ rẹ̀ títí wọ́dà fi ní ó tó, kó ṣẹ́kù fún olóhun. Ọ̀kan nínú àwọn tèmi fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wò ó, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló bà mí nínú jẹ́. Obìnrin tó wọ ṣòkòtò kò ní wọlé. Ẹni tí apá rẹ̀ hàn kò ní wọlé. Aṣọ dúdú kò ní wọlé, torí dúdú ni ti àwọn wọ́dà. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Lódìkejì títì, obìnrin kan ta okùn sáàárín òpó méjì, ó fi síkẹ́ẹ̀tì àti ìbòrùn kọ́ ọ lọ bẹẹrẹ. Ìyá Aláṣọ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí wọ́n bá dá padà á sáré sọdá, á yá síkẹ́ẹ̀tì, á wọ̀ ọ́ lé ṣòkòtò, á tún lọ tò sẹ́yìn. Owó tó ń gbà tó owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀.

Ìyá àgbà kan wà níwájú wa, opó, inú aṣọ dúdú ló wà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wá wò. Ọmọ náà ti ń retí ìdájọ́ láti ọdún tó kọjá, kò sì sí ẹlòmíì tó ń wá a wá. Wọ́n dá ìyá náà padà, kò sì lówó tó máa fi yáṣọ. Lọ́yà kọwọ́ bọ àpò, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní ṣebí mo ní kẹ́ ẹ kàn máa wò. Ìyá náà gbé oúnjẹ rẹ̀, ó lọ. Èmi náà ti wọ dúdú rí, mo mọ bó ṣe ń gbóná lára. Mo bínú sí ara mi títí mo fi délé.

Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Wọn ò jẹ́ kí n jókòó. Wọ́n fẹ́ rán síkẹ́ẹ̀tì àti ìbòrùn tí àlejò á wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí á sì dá padà tó bá ń jáde. Ẹnì kan ní Ìyá Aláṣọ wá ńkọ́, ṣé kébi máa pa á? Wọ́n jà lórí ìyẹn títí aago fi fẹ́ lù. Lọ́yà ló wá ní ká gba obìnrin náà kó máa bá wa tọ́jú aṣọ ọ̀hún, kí ilé-ìwé máa fún un ní nǹkan. Mo kọjú sí pátákó kí wọ́n má rí ojú mi. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ Sífíìkì, n kò tíì gbọ́ ìdáhùn tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Akọ̀wé wá jẹun ọ̀sán bí ìṣe rẹ̀. Tí Màmá, ìyá ọkọ mi tí a jọ ń gbé, bá ti gbúròó ọkọ̀ rẹ̀, orúnkún tó ń dùn ún láti àárọ̀ á kàn san ni. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, òun nìkan ló kù fún un. Ọwọ́ èmi náà ló kúkú dàgbà sí, nínú yàrá tí mo ń kó ìwé sí báyìí. Mo ro gbogbo ètò wa fún un. Ó ní orí àwọn ọmọ mi pé. Ó béèrè irú aṣọ tí a rà, mo ní olódòdó ni, torí òun ni owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Mo bu ẹran kún tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òjò. A ò lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Òwú ti tún wọ́n sí i. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ń já òwú, èkejì kàn ń pariwo lásán ni. Àwọn ọmọkùnrin tó lérí pé àwọn ò ní ránṣọ láéláé ni kì í fẹ́ dìde nídìí ẹ̀rọ mọ́. Ọ̀kan rán síkẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ ṣòkòtò ara rẹ̀. A rẹ́rìn-ín débi pé olùkọ́ ìṣirò wá wò wá láti kíláàsì kejì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Wọ́dà ní àṣẹ tuntun ti wà láti Ajé: aṣọ olódòdó kò gbọdọ̀ wọlé.

Àwọn ọmọ ti wọ síkẹ́ẹ̀tì kan fún ìyá àgbà ọjọ́sí. Ó bọ́ ọ, ó ká a, ó sì fà á lé wa lọ́wọ́ bí ẹni dá àwo padà fún aládùúgbò. Lọ́yà ní òun fojú ara òun rí olódòdó tó wọlé lọ́jọ́ kẹsàn-án. Mo ní bí ìjọba ṣe ń ṣe nìyẹn, wọ́n lè yí àṣẹ padà nígbà tó bá wù wọ́n. Ó ní, ṣùgbọ́n mà, ọ̀sẹ̀ yìí gan-an? Mo ní kó lọ wọ ọkọ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Akọ̀wé bínú jù mí lọ. Ó ní ọ̀gá tuntun kan ló ń ṣe é, òun ò tiẹ̀ gbọ́ sí i. Òun ló gbà wá nímọ̀ràn pé ká fi aró aláwọ̀ ilẹ̀ rẹ aṣọ náà kí òdòdó rẹ̀ lè bò. Ó béèrè báwo la ṣe ṣe ìbàdí rẹ̀. Mo ní okùn la fi sí i, kí ẹni tó sanra àti ẹni tó tín-ín-rín lè wọ̀ ọ́. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí n má parọ́, ọkàn mi balẹ̀ lẹ́yìn tó lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀njọ́

A ò tíì tú ẹrù tí wọ́dà fi ní síkẹ́ẹ̀tì olókùn kò gbọdọ̀ wọlé, pé ẹlẹ́wọ̀n lè fi okùn gbẹ̀mí ara rẹ̀. Òótọ́ kúkú ni, wọ́n lè fi ṣe é. Mo gbà. Àwọn ọmọ ò gbà. Aró ò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ìyá àgbà jókòó tì mí níbi ìgànná. Ó ní ẹnì kan tí wọ́n tú sílẹ̀ mú iṣẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ òun. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ni kọ́ọ̀tù rẹ̀, ó sì ti pinnu pé òun á gbà pé òun jẹ̀bi ohun tí òun ò ṣe, kóun ṣáà mọ ọjọ́ tóun máa jáde. Ìyá ní àfi kóun rí i lójúkojú, kóun sọ fún un pé kó má gbà. Mo ṣèlérí fún un pé yóò wọlé kí ọjọ́ náà tó pé. N kò mọ ohun tó kó mi sí ìlérí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá

Ẹ jẹ́ kí n rọra kọ ọ́.

A ti yọ okùn, a ti fi rọ́bà sí ìbàdí gbogbo wọn. Wọ́dà yẹ ẹ́ wò títí, kò rí nǹkan kan sọ, ó ní ká dúró de ọ̀gá òun. Mo wá sọdá lọ bá Ìyá Aláṣọ, kí n lè bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ní ká fún un. Síkẹ́ẹ̀tì búlúù kan wà lórí okùn rẹ̀. Báàjì ilé-ìwé wa wà lẹ́bàá àpò rẹ̀, irú èyí tí àwa olùkọ́ ń wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tẹ́lẹ̀. Mo wo ìṣẹ́tí rẹ̀. Òwú pupa ni wọ́n fi rán an, torí búlúù tán nílé lọ́jọ́ tí mo rán an. Ìbòrùn tí ọkọ mi rà fún mi ló kọ́ lé e. Gbogbo aṣọ tí mo dì fún ìyàwó Akọ̀wé lẹ́yìn ìsìnkú, tó ní òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n òun tí kò lówó, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Mo bi obìnrin náà pé níbo ló ti rà wọ́n. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ dán an wò.

"Rà kẹ̀? Èmi ò ní aṣọ kankan níbí, mà. Ti ọ̀gá wẹ́fíà ni. Ìyàwó wọn ló ń kó o wá, èmi kàn ń bá wọn jókòó tì í ni."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi ni mo sọ fún un pé olódòdó ni. Èmi ni mo sọ fún un pé okùn ni. Mò ń gbé ètò àwọn ọmọ ọlọ́mọ fún un nídìí àwo oúnjẹ, òun náà ń gbé e lọ sẹ́nu géètì. Mo sì ń bu ẹran fún un! Kò sí ohun tí ayé ṣe mí rí tó dùn mí tó èyí, ikú ọkọ mi nìkan ló jù ú.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo kọ iṣẹ́ sí pátákó pé kí wọ́n dà á kọ.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo dúró kí Akọ̀wé jẹun tán, mo wá sọ ohun tí mo rí lórí okùn yẹn fún un. Kò tiẹ̀ jiyàn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, kì í ṣe olè. Mò ń yá wọn láṣọ ni. Tí mi ò bá ṣe é, ẹlòmíì á ṣe é." Mo bi í pé ṣé ìbòrùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà fún mi náà ló ń yá wọn. Ìyẹn ló mú kó wolẹ̀.

Màmá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ látorí àga rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún mi, tòun ti orúnkún yẹn. Ó ní wọ́n á lé e níbi iṣẹ́, òun ò sì ní ẹlòmíì mọ́. Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé kì í ṣe ilé baba tèmi, àmọ́ ta ló ń wo ìyá ọkọ ẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀? Mo gbé e dìde. Mo ní n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, kí gbogbo àṣẹ kí àṣẹ yẹn ṣáà kásẹ̀ nílẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ó ṣèlérí níwájú ìyá rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Wọ́n wọlé! Ẹni tó wọ ṣòkòtò, ẹni tápá rẹ̀ hàn, gbogbo wọn wọ síkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ mi, wọ́n wọlé. Ìyá àgbà pẹ́ nínú lọ́hùn-ún. Nígbà tó jáde, ó ní ọmọ náà ti rù, àmọ́ ó gbọ́rọ̀. Ọmọ náà ní òun ò ní tíì gbà pé òun jẹ̀bi, tí ìyá bá lè bá òun rí ọ̀gá òun tó ń jó irin, kó wá jẹ́rìí ní kọ́ọ̀tù pé ẹnu iṣẹ́ lòun wà lọ́jọ́ náà. Tí kò bá rí i, òun á gbà kí wọ́n ṣáà dá a. Ìyá ní òun ń lọ wá ọkùnrin náà láti òní.

Lọ́yà bi mí pé kí ló yí àwọn wọ́dà lọ́kàn padà. Mo ní wọ́n ti ronú sí i. Ó wò mí, ó lọ ń ká àwọn síkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pè mí. Síkẹ́ẹ̀tì búlúù mi ni mo bá lórí tábìlì rẹ̀. Ó ní ọ̀gá kan wá láti ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó sì sọ fún òun pé olùkọ́ òun ló ń yá àwọn èèyàn láṣọ lẹ́nu géètì, tó sì ń fi àwọn ọmọ ilé-ìwé bojú. Ọ̀gá náà ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ni, ojú ń ti ẹbí, ṣùgbọ́n òun ò lè dákẹ́ sí i.

Mo sọ òótọ́ ibẹ̀ fún un. Ó bi mí pé ta lẹlẹ́rìí mi. Mo ní ìyá ọ̀gá náà gan-an. Ó ní kí n lọ mú un wá. Bí kò bá wá, iṣẹ́ ẹnu géètì ti parí nìyẹn, àwọn ọmọ á kọrin lọ́jọ́ àṣekágbá, èmi á jókòó, a ò ní gbọ́ ọ mọ́, òun náà ò ní kọ̀wé sókè.

Mo délé, mo bá Màmá lórí àga. Mo ní, "Màmá, ẹ gbọ́ ọ nígbà tó jẹ́wọ́."

Ó ní, "Èmi ò gbọ́ nǹkan kan, ìyàwó mi. Etí mi ti ń di." Ó wá béèrè ohun tí a máa jẹ.

Bí ikú ilé ò pa ni, tòde ò lè pa ni. Mo dáná. Mo gbé tirẹ̀ fún un. N kò bá a jókòó.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo wọ kíláàsì, mo bá orúkọ tí wọ́n ti sọ mí lórí pátákó, gàgàrà: ÌYÁ ALÁṢỌ. Lọ́yà dìde, ó pa á rẹ́, ó padà sí àyè rẹ̀. Kò wo ojú mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ fúnra mi. Wọ́n ti kó síkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ sí sítóò, wọ́n ní ìwádìí ni. Okùn òdìkejì ti tún kún. Mo bẹ obìnrin tó jókòó tì í pé kó bá mi sọ ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́sí. Ó ní mà, ibo lẹ ní kí n ta okùn mi sí tí wọ́n bá lé mi? Mi ò bá a jà. Ìyá àgbà kò sí lórí ìlà. Wọ́n ní ó ti rìnrìn-àjò lẹ́yìn ọ̀gá tó ń jó irin náà, torí ọkùnrin náà ti kó kúrò níbi tó wà.

Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá

Gbọ̀ngàn kún. Akọ̀wé jókòó síwájú, ó ṣojú ọgbà ẹ̀wọ̀n, Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ tuntun. Àga tèmi wà lẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ kọrin. Wọ́n ní kí Lọ́yà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò, ìyẹn nìkan ni wọ́n ní kó ṣe.

Ó gba gbohùngbohùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ látorí ìrẹsì tí ìyá kan tọ́ wò. Ó sọ ti ṣòkòtò, ti aṣọ dúdú, ti olódòdó, ti okùn. Ọ̀gá ń fún un láàmì kó sọ̀ kalẹ̀, kò wo ibẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

"Àwa ò mọ ẹni tó ni aṣọ tó wà lórí okùn yẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Òun ló sọ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ohun tí a bá rí la máa sọ."

Mo dìde. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, nígbà tó ṣì ń jí ṣúgà mi lá, Akọ̀wé ni mò ń pè é, n kò fi ẹnu mi kan orúkọ rẹ̀ rí. Lónìí mo pè é, èyí tí baba rẹ̀ sọ ọ́, tòun ti ti ìdílé. Mo ní òun ló ni aṣọ náà, òun ló ń ṣe àṣẹ náà, mo mọ̀ ọ́n láti oṣù tó kọjá, mo sì dákẹ́ torí ẹbí. Màmá fi gèlè bo ojú. N kò gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ mọ́.

Àìkú, ọjọ́ keje

Màmá ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Kò dágbére. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí n kọ èsì kí n tó wọ kíláàsì mọ́. Akọ̀wé wà lẹ́nu iṣẹ́ títí ìwádìí á fi parí. Lọ́yà wá kí mi lẹ́yìn ìsìn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Àmọ́ ẹ pẹ́." Mo ní mo mọ̀.

Ilé dákẹ́ jù. Mo se oúnjẹ tó pọ̀ ju èèyàn kan lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Wọ́n ti géètì pa. Kò sí ìbẹ̀wò títí ìwádìí á fi parí. Àwọn èèyàn kò lọ, wọ́n dúró pẹ̀lú oúnjẹ lọ́wọ́. Ìyá àgbà rí mi láàárín wọn, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti rí ọ̀gá tó ń jó irin náà. Ọkùnrin náà ti gbà, ó ń bọ̀ ní kọ́ọ̀tù lọ́la. Ọmọ náà ò mọ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí ará ilé bá ẹlẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀ ní kọ́ọ̀tù.

"Wọ́n ní ìwọ lo sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tì í."

Mo ní, "Èmi ni, mà."

"Ó dáa. O ò parọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa wá bá mi sọ fún ọmọ mi pé kó má gbà lọ́la?"

Mo lọ bẹ wọ́dà. Ó ní ọ̀rọ̀ kan kì í wọlé nírú ọjọ́ báyìí, àfi tó bá gba ọwọ́ ọ̀gá wẹ́fíà. Ìyá di apá mi mú, kò sì jù ú sílẹ̀. Mo mọ ohun tí ọkùnrin yẹn máa ní kí n kọ́kọ́ kó jẹ kó tó jẹ́ iṣẹ́ náà: gbogbo ohun tí mo sọ nínú gbọ̀ngàn. Mo yọ fóònù, mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Ó gbé e.

"Akọ̀wé," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́."